Ẹ jẹ́ kí ojú àwọn ọmọ bá etí wọn kẹ́kọ̀ọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín lórí àwọn ọmọ tó ń há ìwé sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, àwòrán ló ṣọ̀wọ́n ní kíláàsì wa.

Mo kọ́ àwọn ọmọ mi bí omi ṣe ń di òjò, àlàyé ẹnu kò wọ̀ wọ́n létí. Mo wá ya odò, oòrùn àti ìkùukùu sára páálí, mo fi ọfà so wọ́n pọ̀ yípo. Ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ pariwo pé: "Àǹtí, bíi ti omi tó ń kán lára ọmọrí ìkòkò!" Ó ti yé e nìyẹn.

Òbìrí méjì tó wọnú ara wọn, èyí tí John Venn, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ní 1880, ni mo fi ń fi kòkó wé ọ̀pẹ. Ohun tí wọ́n fi jọra á wà láàárín, níbi tí òbìrí méjèèjì ti wọnú ara wọn.

Kò gba iná, kò gba kọ̀ǹpútà. (Páálí náà sì rèé, àpò ara wa la ti ń rà á.) Kí ìjọba fi yíya irú àwòrán báyìí kún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwa olùkọ́.

Èmi ni,
Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Àkúrẹ́.