Peckham ò pa yín, ẹ yéé bà á lórúkọ jẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. N kì í sábà kọ lẹ́tà síwèé ìròyìn, orí WhatsApp làwọn ọmọ mi máa ń ní kí n lọ tú ìbínú mi dà sí, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí ju ti WhatsApp lọ. Ọmọ àbúrò mi kan ló dé láti Ìbàdàn, ó fẹ́ wá ka master's ẹ̀ ní London níbí, mo sì ti bá a wá yàrá sílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Peckham, yàrá tó mọ́ nigín-nigín, bẹ́ẹ̀dì wà ńbẹ̀, réǹtì ẹ̀ ò gani lára, kò jìnnà síbi tá a ti ń wọ tíréènì. Ẹ gbọ́ ohun tọ́mọ yìí wí. "Àǹtí, ẹ má bínú o, wọ́n ní kí n má gbé Peckham, wọ́n ní àwọn dúdú ti pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n á gún èèyàn lọ́bẹ." Mo wò ó látòkè délẹ̀. Ọmọ tó dúdú bíi kóró iṣin! Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ, ó ní inú group àwọn tó ń múra àtijapa lòun ti gbọ́ ọ, òun ò tíì kúrò n'Ìbàdàn tóun ti mọ̀.

Ibi tó ti dùn mí gan-an nìyẹn, Olóòtú. Kí òyìnbó sọ ọ́, ó ti mọ́ mi lára, láti 1996 tí mo ti ń gbé àdúgbò yìí ni mo ti ń gbọ́ ọ. Àmọ́ kọ́mọ Yorùbá tí ò tíì tẹsẹ̀ bọ Rye Lane, títì ọjà wa ní Peckham níbí, tí ò tíì ná iṣu kan ṣoṣo níbẹ̀, dé kó máa ní òun ò lè gbé ibi táwọn èèyàn òun pọ̀ sí, torí pé wọ́n dúdú! Mo bi í pé Lẹ́gọ́sì tó o ti wọ bàálù wá ńkọ́, ṣé òyìnbó ló kún ibẹ̀ ni? Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò bá a rín in.

Mi ò ní purọ́ pé kò sí wàhálà níbí. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Peckham ò lè gbàgbé 27 November 2000, ọjọ́ tí wọ́n pa Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10 tó ti Lẹ́gọ́sì dé, tí ò tíì lo oṣù mẹ́rin nílùú yìí. Ó kúrò ní láíbìrì Peckham, ó ń lọ sílé, ìgò fífọ́ gún un nítan, ibi àtẹ̀gùn ní ẹstéètì North Peckham ni wọ́n ti bá a nínú ẹ̀jẹ̀. 2006 ni wọ́n tó dá àwọn méjì lẹ́bi ikú ẹ̀. Ọ̀fọ̀ wa nìyẹn o, àwa la pàdánù ọmọ. Àmọ́ báwọn oníwèé ìròyìn ṣe gbé e, ńṣe ló dà bíi pé àwa gan-an la jẹ̀bi. Wọ́n ti wó ẹstéètì ọ̀hún, ọmọ tó ṣì wà nílé ìwé lọ́dún náà ti ń tọ́ ọmọ báyìí, síbẹ̀ èèyàn á jókòó sí Ìbàdàn, á máa bẹ̀rù ibi àtẹ̀gùn tí ò sí mọ́.

Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan. Nígbà témi dé, ibi tí wọ́n kìlọ̀ fún àwa dúdú pé ká yé rìn lálẹ́ kì í ṣe Peckham rárá. Bermondsey ni, Eltham ni. Eltham ni Stephen Lawrence ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ní April 1993, ọmọ ọdún 18, táwọn ọmọ òyìnbó fi gún un pa. Àǹtí tó gbà mí sílé máa ń sọ fún mi pé tí mo bá sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì tó gbé mi débẹ̀, kí n má bọ́ọ́lẹ̀ o, kí n jókòó ti dírẹ́bà títí táá fi yí padà. Ṣé ẹ wá ti gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni sọ pé kéèyàn má gbé Eltham torí pé òyìnbó ti pọ̀ jù níbẹ̀? Ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ òyìnbó, ẹni tó mú un dání ló ni ín. Tó bá ti wà lọ́wọ́ dúdú, gbogbo àdúgbò ló di olóhun ẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní December 2012 ni tíréènì Overground dé ibùdókọ̀ Peckham Rye, kò sì pẹ́ táwọn òyìnbó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ̀lú, ibi tá a ti ń ra ẹran àtèlùbọ́ di ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí, wọ́n ń gun orí òkè téńté ilé ìgbọ́kọ̀sí lọ mutí lásìkò ooru, àwa tá à ń gbé ìsàlẹ̀ ń wò wọ́n. Àwọn ẹ́jẹ́ǹtì onílé wá ń já ìwé sẹ́nu ọ̀nà mi pé àdúgbò mi "dùn, ó larinrin". Àdúgbò wo? Rye Lane kan náà yìí! Ẹja gbígbẹ ń rùn síta bó ṣe ń rùn tẹ́lẹ̀, pásítọ̀ ṣì ń fi maikirofóònù pariwo. Àwọ̀ àwọn tó ń kọjá ló yí padà, làyà gbogbo wọn bá balẹ̀.

Kẹ́ ẹ má baà rò pé mò ń sọ̀rọ̀ sáfẹ́fẹ́, ọmọ mi Tóbi, fláàtì tá a wà yìí náà la gbé e wálé sí láti ọsibítù. Lọ́dún tó pé 16, ó ń ti bọ́ọ̀lù bọ̀, obìnrin òyìnbó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé òkè wa ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Tóbi bá di ilẹ̀kùn mú fún un bí mo ṣe kọ́ ọ. Obìnrin yìí ò wọlé, ó fa báàgì ẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Ṣé ibí lò ń gbé?" Ọmọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní fláàtì wo? Ó fẹ́ rí kọ́kọ́rọ́! Tóbi fi kọ́kọ́rọ́ hàn án, obìnrin náà sì tún ní kí lífítì kọ́kọ́ gbé e lọ, òun á dúró de òmíràn. Ọmọ yẹn dé, kò jẹun, ó ní "Mọ́mì, mo mà pè é ní mà."

Oṣù kan náà yẹn làwọn ọlọ́pàá dá a dúró níbùdókọ̀. Wọ́n da báàgì ẹ̀ sílẹ̀, ìwé mátíìsì bọ́ọ́lẹ̀, bàtà bọ́ọ̀lù bọ́ọ́lẹ̀, dòdò tí mo wé sínú fọ́ìlì bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n tú fọ́ìlì. Òfin kan wà láti 1994 tí wọ́n ń pè ní Section 60, tí wọ́n bá ti gbé e kalẹ̀ ládùúgbò kan, wọn ò nílò kí wọ́n fura sí ẹ kí wọ́n tó tú ẹ lápò. Ìṣirò ìjọba fúnra ẹ̀ lọ́dún 2023 sọ pé wọ́n ń dá dúdú dúró tó bí ìlọ́po 4 ti òyìnbó, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ni wọn ò sì rí nǹkan kan mú. Macpherson, adájọ́ tó wádìí ikú Stephen Lawrence, ti sọ ọ́ lọ́dún 1999, Louise Casey tí wọ́n ní kó yẹ iṣẹ́ ọlọ́pàá wò tún un sọ lọ́dún 2023, pé ẹ̀yà-mẹ̀yà wà nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá London. Ṣé àwọn ọ̀gá ọ̀hún ń kàwé ni àbí wọ́n kàn ń to ìwé sórí pẹpẹ? Kódà inṣọ́ránsì mọ́tò, Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, wádìí ẹ̀ lọ́dún 2022, wọ́n rí i pé àwa tá ò kì í ṣe òyìnbó ń san tó 250 pọ́n-ùn lé lọ́dún. Ẹ tún rí i bí? Torí pé dúdú wà ńbẹ̀.

Ohun tí mo wá fẹ́ sọ rèé, ó ti pẹ́ tó ti wà níkùn mi. Yunifásítì kan ka ṣọ́ọ̀ṣì àwa dúdú ní Southwark tí Peckham wà yìí ní 2013, ó pé 240! Ṣọ́ọ̀ṣì 240, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àtìpa ni gbogbo ẹ̀ láti Mọ́ńdè sí Fúráìdè àyàfi tílẹ̀ bá ṣú tá a bá ní vígì, ìyẹn ìṣọ́ òru. Aago 3:30 làwọn ọmọ ń jáde nílé ìwé, ìyá wà níṣẹ́, bàbá wà níṣẹ́, wọ́n á wá dúró síwájú ibi tí wọ́n ti ń ta adìẹ díndín torí pé ibẹ̀ nìkan ló ṣí tó sì móoru, hood á wà lórí wọn, ẹni tó ń kọjá á sáré gba òdìkejì títì. Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ṣílẹ̀kùn láago 4 sí aago 7. Ẹ gbé tábìlì jáde, kí wọ́n ṣe homework. Àwọn ìyá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ tíṣà pọ̀ nínú ìjọ, ẹ bá wọn ṣe ìwé DBS wọn, èyí tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èèyàn ti dáràn rí, ẹ fún wọn ní ìkòkò ìrẹsì kan. Kẹ́ ẹ sì pe àwọn òyìnbó tó ń gbé nítòsí kí wọ́n yà síbẹ̀ o, àwọn náà ń jẹ jọlọ́ọ̀fù. Ká ní obìnrin òkè wa yẹn ti bu ìrẹsì fún Tóbi rí ni, kò ní máa bi í ní kọ́kọ́rọ́. Mo sọ ọ́ nínú ìjọ tèmi, wọ́n ní iná mànàmáná ti wọ́n. Kí ló dé tí kì í wọ́n tá a bá ń ṣe vígì?

Ó ku àwọn káńsù, kí wọ́n tún iná ibi àtẹ̀gùn ṣe. Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn náà, ẹ yéé fi orúkọ àdúgbò ṣe àkọlé.

Ọmọ àbúrò mi ti gba yàrá síbi tó jìnnà, àárín àwọn òyìnbó, 200 pọ́n-ùn lé lórí èyí tí mo bá a wá, ẹnikẹ́ni ò sì kí i láàárọ̀. Àmọ́ Peckham náà ló wá ra iṣu àti ata ní Sátidé. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin gìrìwò tó ga jù mí lọ lórí àtèjìká, ó ní "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí dé ibi tíréènì." Mo wọ bàtà mi, mo sì sìn ín.

Èmi ni,
Ìyá Tóbi,
Peckham, London.