Májèlé tí òjò kò lè fọ̀ lọ

Sí Olóòtú,

Ẹ gbà mí láyè nínú ìwé ìròyìn yín. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa mọ Gammalin 20 dáadáa, oògùn tí wọ́n ń fín nítorí kòkòrò, tí àwọn apẹja kan tún ń dà sódò. Lindane, kẹ́míkà apakòkòrò tó jẹ́ májèlé, ló wà nínú rẹ̀. Ọdún 2009 ni Àdéhùn Stockholm, àdéhùn àgbáyé lórí àwọn májèlé tí kì í tètè tán nílẹ̀, tí Nàìjíríà ti wọnú rẹ̀ láti 2004, tó kà á mọ́ ohun tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì.

Ti ìgboro ló ká mi lára jù. Ẹ lọ wo agbègbè ọjà Alábà l'Ékòó, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń dáná sun wáyà kí wọ́n lè rí kọ́pà inú rẹ̀ tà. Èéfín á dúdú kirimú, rọ́bà á yọ́ sórí yẹ̀pẹ̀. Iná yẹn ló ń bí dioxin, májèlé mìíràn tó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Adìyẹ á tú yẹ̀pẹ̀ náà jẹ, májèlé náà á dinú ẹyin, ó dinú ọ̀rá ara wa, ó dinú ọmú ìyá tí ọmọ ń mu!

Mo bẹ ìjọba, ẹ má kàn lé àwọn ọmọ náà kiri, ibòmíràn ni wọn yóò tún ti dáná. Ẹ fún wọn ní ẹ̀rọ tó ń bó wáyà, kí ẹ sì yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò.

Òǹkàwé yín, Èkó.