Owó Ìtàn: Ẹ̀yin Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé Nílé Lóko, Ọwọ́ Yín La Ń Wò O

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, n'Íbàdàn, l'Ábújá, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, a kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfaradà àsìkò yìí. Ìgbìmọ̀ ìtàn ẹgbẹ́ wa ló ní kí n kọ̀wé sí yín, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́, owó la fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tá a fẹ́ fi ṣe, torí mo mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní kẹ́ ẹ dáwó, ti ṣọ́ọ̀ṣì ò tíì tán ti mọ́ṣáláṣí á dé, ti ẹbí náà á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá sì fẹ́ mówó jáde lápò ẹ̀ yẹ kó mọ ibi tó ń lọ.

Gbogbo wa la gbọ́ orúkọ Kírìjì láti kékeré. Ogun yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá ló kọ́kọ́ jà á kí tiwa tó dé, kò sì parí tán títí di 1893, ọdún 16 gbáko, àárín ìlú wa àti Ìgbàjọ ni àgọ́ méjèèjì ti wá kọjú síra wọn, Ìbàdàn lápá Ìgbàjọ, Èkìtì Parapọ̀ lápá tiwa níbí. Ìró ìbọn tó ń dún lórí òkè ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú kọ̀ọ̀kan ló bí àwọn èèyàn nínú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n tún ń fojú ọmọ onílùú gbolẹ̀, títí Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí fi pa ajẹ́lẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wọn ní 1878, ni Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá para pọ̀, tí Ògèdèǹgbé Agbógungbórò wá di olórí ogun wọn. Ààrẹ Látòóṣà tó kó ogun Ìbàdàn wá, inú àgọ́ ló kú sí ní 1885, kò padà délé mọ́.

Apá kan wà nínú ìtàn yìí tí wọn kì í sábà sọ fáwọn ọmọ, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n lè kọ̀wé yìí láìtijú. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó nígbà náà, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ tí wọ́n sì padà láti Sàró àti Brazil, àtàwọn ọmọ wọn, kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀, wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń dáwó. Owó tí wọ́n dá yẹn ni wọ́n fi ra ìbọn Snider, irú èyí tí wọ́n ń ti ọta bọ̀ látẹ̀yìn, tí kì í ṣe ti ìṣáájú tí wọ́n ń ti ẹnu kì, wọ́n ra ọta pẹ̀lú, wọ́n sì fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sílé lójú ọ̀nà Oǹdó. Ìbọn wọ̀nyẹn ló yí ojú ogun padà. Ẹ wò ó dáadáa, kí nìyẹn bí kò ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ìlú? Èèyàn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n mú kúrò nílé, tí òkun ti là á láàrin òun àti ilé bàbá ẹ̀, padà dé Èkó, ó ríṣẹ́ ṣe, ó rówó díẹ̀, ó sì ní ilé lòun máa fi ránṣẹ́ sí. Tẹ́nikẹ́ni bá ti bi mí pé kí ló kan ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi nínú ọ̀rọ̀ ilé, ibẹ̀ ni mo máa ń tọ́ka sí, mi ò kì í wá àpẹẹrẹ míì.

Wàyí o, àwa ò níbọn kankan láti rà lónìí, àlàáfíà wà, ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Ohun tó ń ṣe wá ni pé ìtàn wa ò sí lọ́wọ́ wa. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, ojú ogun gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà, níwájú àwọn aṣojú tí ìjọba Èkó rán wá. Ìwé yẹn ló sọ pé àwọn ọba Èkìtì Parapọ̀ dá dúró fúnra wọn, òun náà ló ní Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbàjọ máa wà lábẹ́ Ìbàdàn, pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ tó kan ilẹ̀ àti ìdílé wa títí dòní nìyẹn, ṣùgbọ́n ọmọ ìlú mélòó ló ti fojú kan ẹ̀dà ìwé náà rí? Àwọn ìwé ìjọba Èkó lórí ogun yìí wà nílé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew nílùú London, ìwé àwọn àlùfáà CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, tó ń rìn láàrin àgọ́ méjèèjì wà ní Yunifásítì Birmingham, ti Charles Phillips tó bá wọn gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà kiri sì wà ní National Archives n'Íbàdàn. Ọmọ ilé ìwé wa tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìnkùlé ilé bàbá ẹ̀, àfi kó wọkọ̀ òfuurufú.

Ẹlẹgbẹ́ Phillips nínú iṣẹ́ yẹn, Àlùfáà Samuel Johnson, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, òun ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá ńlá yẹn. Ó parí ẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ ní ìlú òyìnbó, ìwé náà sọnù sọ́wọ́ wọn, Johnson sì kú ní 1901 láìfojú rí i. Ká ní àbúrò ẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ò jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi sílẹ̀ kó tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀ ni, ìwé tó jáde ní 1921 yẹn ò ní sí láyé. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi pinnu pé ohunkóhun tá a bá gbà sílẹ̀, a ò ní fi sójú kan ṣoṣo. Ẹ̀dà kan máa wà láàfin, ọ̀kan nílé ìwé, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ l'Ékòó, ọ̀kan lókè òkun.

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ o, a ò káwọ́ gbera. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi fóònù gbohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lọ bá màmá kan nínú àgbàlá, màmá ní òun ò rántí nǹkan kan mọ́, ojú ò ríran mọ́, kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Ẹnìkan nínú àwọn ọmọ yẹn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé wọn, ó kì í dé ibì kan ó há, màmá bá gbà á lẹ́nu ẹ̀, ó ń kì í lọ, ó ń fọwọ́ gbá itan bó ṣe ń pe orúkọ àwọn tó lọ sógun tí wọn ò bọ̀, orúkọ tí a ò rí nínú ìwé kankan. Lójijì bátìrì fóònù kú. Fóònù kan ṣoṣo tá a mú lọ nìyẹn, iná ò sì sí láàdúgbò. Ó dùn mí dọ́kàn. Èèyàn ò lè máa bẹ àgbà pé kó tún tún un sọ bí ẹni tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì padà, ìgbà tó bá wá sí i lẹ́nu ló wá.

Ti ìbọn àtijọ́ tó wà lájà ilé kan náà tún wà níbẹ̀. Igi ìdí ẹ̀ ti jẹrà, irin nìkan ló kù, ó ti dípẹtà, àwọn ọmọ ilé ti fẹ́ gbé e fún àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́mù kí olórí ẹbí tó dá wọn dúró. Mélòó ló ti bá irin òrùlé àti ìkòkò tó lu lọ ká tó mọ̀?

Nítorí náà ohun tówó máa ṣe nìyí: ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó dáa pẹ̀lú páwà báǹkì, háàdì díráìfù, owó àwọn tó máa jókòó da ọ̀rọ̀ kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tó pé (iṣẹ́ yìí lágbára ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, wákàtí ọ̀rọ̀ kan lè gba ọjọ́ bíi mélòó kan), owó ẹ̀dà ìwé n'Íbàdàn, àpótí onígíláàsì fáwọn nǹkan tí ẹbí bá gbà ká tọ́jú, àti pátákó síbi tí àwọn àgbà fi hàn wá pé àgọ́ wà, káwọn tiṣà lè máa kó ọmọ lọ síbẹ̀. A ò ní gbẹ́ ilẹ̀ kankan o, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má gbé ṣọ́bìrì lọ wá ọta ìbọn. Òfin ilẹ̀ wa ò gbà kéèyàn máa wú ohun àtijọ́ láìgbàwé àṣẹ, iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ nìyẹn.

Àwọn kan ti ń sọ pé a fẹ́ hú ìjà tó ti kú jáde. Rárá o. Àná wa ni Ìgbàjọ, a ń fẹ́ra wa, a jọ ń ná ọjà. A fẹ́ kí wọ́n jẹ́ ká gba ohùn àwọn àgbà tiwọn náà sílẹ̀, ká tò ó pọ̀ mọ́ tiwa, torí ìtàn tó bá tẹnu ẹnì kan ṣoṣo jáde, ìdajì ni.

Ohun tí ìpàdé fẹnu kò sí ni ₦5,000 fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ₦1,000 fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ ṣe é bí ọwọ́ yín bá ṣe tó. Ẹni tí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan náà lè pín in. Lọ́wọ́ akápò ẹ̀ka yín ni kẹ́ ẹ ti gba nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ má san án fún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kódà kó jẹ́ èmi. Oṣooṣù la máa fi ìwé ìṣirò sórí WhatsApp ẹgbẹ́, pẹ̀lú rìsíìtì, ẹni tí nǹkan bá rú lójú kó béèrè níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní London, tẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ kan tí ẹ ò lọ síbi iṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni káàdì ìkàwé ní Kew, wọ́n sì máa ń jẹ́ kéèyàn fi fóònù ẹ̀ ya ìwé láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ìwé tó ní àmì CO 147 ni kẹ́ ẹ béèrè, ti Èkó ni, ẹ wá àwọn ọdún 1877 sí 1893 nínú ẹ̀. Ẹ sọ fún wa ṣáájú kẹ́ni méjì má lọ ya ìwé kan náà.

Ẹni tó bá sì ní fọ́tò àtijọ́ tàbí lẹ́tà bàbá bàbá ẹ̀ nínú àpótí, kó má dúró de ìpàdé ọdún. Kó yà á kí ikán tó débẹ̀, kó kọ orúkọ àwọn tó wà nínú ẹ̀ àti ilé tí wọ́n ti wá, kó fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Kó má fún wa ní ojúlówó ẹ̀ o, kó tọ́jú ẹ̀ síbi tí kò tutù, ẹ̀dà ẹ̀ ti tó wa.