Inú ilé ni iṣẹ́ ọlọ omi wà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Weald & Downland ní Singleton, lágbègbè Sussex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kàn ń ya fọ́tò kẹ̀kẹ́ ńlá ọlọ omi, ìyẹn ọlọ ọkà tí omi ń yí, tí wọ́n tú kúrò ní abúlé Lurgashall wá tún tò síbẹ̀, wọn a sì kọjá. Àdánù ni. Ọlọ yìí ṣì ń lọ àlìkámà.

Òkè ni omi ti ń dà sórí kẹ̀kẹ́. Ìwúwo omi ló ń yí i ju agbára ìṣàn lọ. Nínú ilé, kẹ̀kẹ́ yìí ló ń yí ọ̀kan nínú òkúta méjì tó wà lórí ara wọn, tó ń lọ ọkà. Òkúta ìsàlẹ̀ kì í mira, tòkè ló ń yí, wọn kò sì gbọdọ̀ fara kanra. Bí ọkà bá tán láàárín wọn, òkúta á máa ha òkúta, yóò ṣáná, bẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun tó ń fò tètè ń gbiná. Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, ìyẹ̀fun á le gbàrà-gbàrà. Bó bá há jù, á gbóná, òórùn rẹ̀ á yí padà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lọ ọkà fi ń fi àtàǹpàkò àti ìka yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Ọkà tí kò gbẹ dáadáa a máa lẹ̀ mọ́ ojú òkúta. Bí poro ojú rẹ̀ bá sì ti jẹ, àfi kí wọ́n gbé tòkè kúrò, kí wọ́n fi irin mímú gbẹ́ ẹ, bí àwọn ìyá wa ti ń gún ojú ọlọ ata.

Kí àwọn akọ̀ròyìn ìrìn-àjò yín wọlé lọ wo ìyẹn.