Lẹ́tà sí Bísí, àgùnbánirọ̀ ní Kebbi

Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ Àìkú.

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé oòrùn Kebbi ò tíì yan ọ́ bí ẹja? Mo mọ̀ pé o ti máa ní mo gbàgbé rẹ. Èwo ni ti ìgbàgbé níbẹ̀? TP, iṣẹ́ tíṣà tí wọ́n ní ká lọ fi kọ́ṣẹ́, ló gbé mi mì. Ìsẹ́yìn ni wọ́n pín mi sí, n ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, àfi ìró òfì tí wọ́n ń hun lẹ́yìn fèrèsé mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ọ̀gá ilé ìwé wa fún ọ. Lọ́jọ́ tí mo gbé lẹ́tà mi dé, màmá náà wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Kí lò ń kọ́ ní yunifásítì?" Mo ní Social Studies ni, mà. Wọ́n ní, "Ó dáa. Wàá lè kọ́ wọn ní Civic nìyẹn. Wàá kọ́ wọn ní Government náà. Ṣé Kìrìsìtẹ́nì ni ọ́? Gba CRS mọ́ ọn." Bí mo ṣe di tíṣà mẹ́rin lójú ẹsẹ̀ nìyẹn! N ò bínú sí wọn, tíṣà ò tó wọn. Àwọn tó ń ṣe kòríkúlọ́ọ̀mù gan-an ni mo dá lẹ́bi: ṣebí ìgbà kan wà tí wọ́n kó Social Studies, Civic, Security Education, CRS àti IRS pọ̀, tí wọ́n pè é ní Religion and National Values. Ta ni ò ní rò pé àmúlùmálà ni iṣẹ́ wa?

JSS 1 ni mo fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ tí súpáfáísọ̀ kọ́kọ́ wá, ìdílé la ń kọ́. O mọ bó ṣe wà nínú ìwé: bàbá, ìyá àti ọmọ, nuclear nìyẹn, tó o bá kó ìyá àgbà àti ẹ̀gbọ́n bàbá mọ́ ọn, ó di extended. Mo ti yà á sórí kádíbọ́ọ̀dù, mo fi máákà kùn ún, ó gún régé. Mo ń ṣàlàyé lọ ni ọmọ kan tó kéré jọjọ nawọ́ lẹ́yìn: "Àǹtí, èmi àti ìyá àgbà mi nìkan la jọ ń gbé. Èwo ni tiwa?" Kí n tó lanu, èkejì ti dìde: bàbá òun níyàwó mẹ́ta, àmọ́ ìyá òun nìkan ló wà nílé, Èkó ni àwọn yòókù wà. Òmíràn ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ́ òun ní òfì híhun lòun ń gbé, ṣé ìdílé òun nìyẹn? Kíláàsì bá gba ariwo. Mo yọ kádíbọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, mo ní kí kálukú ya ilé tiẹ̀, kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń sùn níbẹ̀. Ìwọ ì bá wà níbẹ̀! Ọ̀kan ya ewúrẹ́ mọ́ ọn, ó ní inú yàrá ló ń sùn tójò bá ń rọ̀.

Súpáfáísọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé n ò ṣe evaluation, pé kíláàsì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Lesson note tí mo fi òru kọ, kò tiẹ̀ ṣí i wò. Máàkì tó fún mi, jẹ́ kó wà láàárín èmi àti Ọlọ́run. Mo sunkún díẹ̀, mo jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì, mo sùn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa ni mo há sórí: ìpàdé Mombasa lórí Social Studies nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1968, ìpàdé kòríkúlọ́ọ̀mù l'Ékòó lọ́dún 1969, títí dórí ilé ìwé Comprehensive ìlú yín ní Ayétòrò, tí wọ́n ti ń kọ́ Social Studies níbẹ̀ láwọn ọdún 1960, kó tó tàn káàkiri. (Ẹ̀yin ará Ayétòrò lẹ kó mi sí wàhálà yìí o!) Kò sẹ́ni tó kọ́ wa lóhun tá a máa sọ fọ́mọ tó bá béèrè pé èwo ni tiwa.

Fúnkẹ́ ti bímọ, obìnrin ni. Rẹ̀mí ti pa ìwé tì, páfúmù ló ń tà. Màmá mi ń kí ọ.

Bàbá mi ò tíì dákẹ́ ní tiwọn. Wọ́n ní iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ fi kọ́ọ̀sì tí ò kọjá JSS 3 ṣe, ta ló ń ṣe é ní WAEC? Òótọ́ ni, kò sí i ní WAEC. Mo ní SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, máa gba èèyàn. Wọ́n ní ìgbà wo? TRCN, àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀, náà ń dúró dè wá pẹ̀lú ìdánwò tiwọn. Lóru mìíràn mo máa ń rò ó pé ká ní mo bá ọ lọ sí Economics... Jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Súpáfáísọ̀ ń padà bọ̀, àṣà àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà la sì máa kọ́ lọ́jọ́ náà. Àwòrán kan àti ìlà mélòó kan ni ìwé wa fi sọ ti Hausa. Jọ̀ọ́, fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ní bébà, kí wọ́n ya ilé wọn, kí wọ́n kọ ẹni tó ń sùn níbẹ̀. Ya fọ́tò bébà náà, kó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Màá fi ti àwọn ọmọ tèmi ránṣẹ́, ewúrẹ́ náà á wà níbẹ̀. Ẹ ò sì jìnnà sí Argungu: tó o bá rí ẹni tó ti wọ odò Matan Fada nígbà ọdún ẹja, bi í bí wọ́n ṣe ń fi igbá àti àwọ̀n pẹja, kó o gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò gbà pé èèyàn lè gbé igbá wọdò lọ mú ẹja.

Ó ku ọ̀kan. Tí aláwìí, owó oṣù àgùnbánirọ̀ yín, bá ti wọlé, yá mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Owó kádíbọ́ọ̀dù àti ti ọ̀kadà ti gbẹ àpò mi. Màá san án. Ti Abẹ́òkúta ọjọ́sí, ṣé mo san án àbí n ò san án?

Èmi ni tìrẹ,
Mojí