Ìdí tí "Gèlè tó bá a lọ" fi ń pẹ́ kó tó jáde

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú àdúrótì wa.

Ọ̀pọ̀ yín ló ń sọ pé bí ẹ bá tẹ léèsì kan lórí ìkànnì wa, àwòrán rẹ̀ á yọ, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lábẹ́ "Gèlè tó bá a lọ", ibi tó yẹ kí gèlè àti ìpèlé rẹ̀ ti jáde á kàn máa yí ṣáá. Àwọn kan tiẹ̀ ti torí ẹ̀ ra dátà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nẹ́tíwọọ̀kì yín kọ́, àwa ni.

Gbogbo ohun tí wọ́n ti rà lọ́wọ́ wa rí wà nínú dátábéèsì, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ sí nínú àwọn tébù onílà àti olópòó, ìlà kan fún ọjà kan. Tí ẹ bá tẹ léèsì, kọ̀ǹpútà á wá gbogbo ẹni tó ti rà á, á tún padà lọ wo nǹkan mìíràn tí oníkálukú wọn rà, kó tó ka èyí tó wọ́pọ̀ jù. Index ló yẹ kó fi wá a, bí atọ́ka tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé. Kò sí. Ńṣe ló dà bí ọmọ ìsọ̀ tí a ní kó mú gèlè kan wá, tó wá ń tú gbogbo ìdì aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù. PostgreSQL, ètò dátábéèsì tí a ń lò, kì í fúnra rẹ̀ ṣe index sórí òpó tó kàn ń tọ́ka sí tébù mìíràn. Ẹni tó ń lò ó ni yóò ṣe é. Mo rò pé wọ́n ti ṣe é nígbà tí wọ́n kọ́ ìkànnì wa, n kò sì béèrè. Ìgbà tí a lo EXPLAIN ANALYZE, àṣẹ tó ń fi ọ̀nà tí dátábéèsì gbà wá nǹkan hàn, ni àṣírí tú: "Seq Scan" ló kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń ka tébù látòkè délẹ̀.

A ti ṣe index náà, ó sì yára. Àmọ́ tí owó oṣù bá wọlé tí ẹ jọ rọ́ dé, ó tún ń wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òru la wá ń ṣe ìṣirò náà báyìí, tí a ń kọ èsì rẹ̀ sínú tébù kékeré kan. Tó bá di ọ̀sán, kíkà lásán ló kù. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Amazon ti kọ nípa irú rẹ̀ ní 2003: ọjà ni wọ́n ń fi wé ọjà, wọn kì í fi oníbàárà wé oníbàárà. Iye gèlè tó kù nílẹ̀ nìkan la ṣì ń wò lójú ẹsẹ̀, ká má baà fi èyí tó ti tán hàn yín.

Ohun tí ẹ bá rà láàárọ̀ kò wá ní hàn nínú àbá wa títí di ọjọ́ kejì. Léèsì tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì rà kò sì ní ẹlẹgbẹ́ rárá. Èmi ni mo ń fọwọ́ ara mi yan gèlè fún un. (Ká sòótọ́, mo gbádùn ìyẹn ju ti kọ̀ǹpútà lọ.)

Tó bá ṣì ń yí lọ́dọ̀ yín, ẹ fi orúkọ aṣọ náà àti àsìkò tí ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ẹ má tún torí wa ra dátà mọ́.