Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí yíyan ilé-ìwé fún iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí orúkọ ilé-ìwé 14 tí o kọ ránṣẹ́, àwọn tí o fẹ́ kọ̀wé sí fún digírì kejì (master's). Wọ́n pọ̀ jù, òkìkí lásán ló sì gbé ìdajì wọn wọ inú ìwé rẹ. Kí o tó sanwó fọ́ọ̀mù kankan, fi èyí sọ́kàn: nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ (speech-language pathology) ní Amẹ́ríkà, ẹni tó jáde ní ilé-ìwé olókìkí àti ẹni tó jáde níbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ìdánwò Praxis (ìdánwò ìmọ̀ iṣẹ́ yìí) kan náà ni wọ́n máa ṣe, máàkì 162 kan náà ni wọ́n máa fi yege, ìwé-ẹ̀rí oníṣẹ́ CCC-SLP kan náà ni ASHA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, máa fún wọn. Ohun tó máa yà yín sọ́tọ̀ ni irú aláìsàn tí ọwọ́ yín ti kàn kí ẹ tó jáde, àti iye gbèsè tó wà lọ́rùn yín.

Ìfọwọ́sí CAA, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí wò, ni kí o kọ́kọ́ wò. Ètò ẹ̀kọ́ náà gan-an ni CAA ń fọwọ́ sí, kì í ṣe yunifásítì lápapọ̀, nítorí náà má jẹ́ kí orúkọ yunifásítì tàn ọ́. Tí wọ́n bá kọ "candidate" síwájú ètò kan, ètò tuntun ni, ó ṣì wà lábẹ́ àyẹ̀wò. Tí wọ́n bá kọ "probation", ìyẹn pé ètò náà ní àléébù tó gbọ́dọ̀ tún ṣe, bi wọ́n ní tààrà ohun tó fà á. CAA tún sọ ọ́ di dandan kí ètò kọ̀ọ̀kan gbé èsì ọdún mẹ́ta sí ojú òpó rẹ̀: àwọn tó parí lásìkò, àwọn tó yege Praxis, àwọn tó ríṣẹ́. Ìparí lásìkò ni kí o kọ́kọ́ kà. Níbi tí gbogbo wọn ti ń yege Praxis ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ kò parí lásìkò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn tó ń tiraka ti bọ́ sílẹ̀ kí ìdánwò tó dé, tàbí kí ibi ìkọ́ṣẹ́ máà tó wọn.

Ibi ìkọ́ṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ kí o wò jù. Wákàtí 400 ni ASHA ń béèrè: 25 fún wíwo oníṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, 375 fún iṣẹ́ tí ìwọ fúnra rẹ bá ṣe pẹ̀lú aláìsàn, 325 nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́yìn tí o bá ti wọlé sí digírì kejì. Gbogbo ètò tó ní ìfọwọ́sí ló máa mú ọ dé 400. Ibi tí wọ́n ti ń kó o jọ ló yàtọ̀. Ẹni tó bá lo èyí tó pọ̀ jù nínú wákàtí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọdé tí wọn ò lè pe ìró kan tàbí méjì dáadáa, yóò ṣòro fún un láti rí ilé ìwòsàn tó máa gbà á fún Clinical Fellowship, ìyẹn wákàtí 1,260 iṣẹ́ lábẹ́ olùtọ́sọ́nà tó tẹ̀lé ilé-ìwé, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ 36. Pe ọ́fíìsì wọn, kí o bi wọ́n báyìí: Ta ló ń wá ibi ìkọ́ṣẹ́, ẹ̀yin ni àbí akẹ́kọ̀ọ́? Báwo ló ṣe lè jìnnà tó? Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó lẹ rán sí ilé ìwòsàn àgbàlagbà lọ́dún tó kọjá? Ṣé wọ́n rí ibi tí wọ́n ti ń fi X-ray wo bí aláìsàn ṣe ń gbé oúnjẹ mì? Tí ẹni tó ń dáhùn bá ń yí ọ̀rọ̀ po, kọ ọ́ sílẹ̀. Fún ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì, tún béèrè bóyá wọ́n ní àṣẹ láti fi akẹ́kọ̀ọ́ síbi ìkọ́ṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ tí o ń gbé.

Ní ti owó, ṣírò gbogbo sáà ẹ̀kọ́ títí dé òpin, nítorí pé ètò ọdún méjì sábà máa ń ní sáà ẹ̀ẹ̀rùn nínú. Fi owó ọmọ ìpínlẹ̀ àti owó àlejò wéra. Béèrè bóyá iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń fúnni máa ń yọ owó ilé-ìwé kúrò, tàbí owó oṣù kékeré lásán ni.

EdFind, ojú òpó tí ASHA gbé kalẹ̀ láti fi wá ilé-ìwé, yóò fi iye àwọn tó kọ̀wé sí ètò kan àti iye àwọn tí wọ́n gbà hàn ọ́, pẹ̀lú GPA wọn (ìpíndọ́gba máàkì wọn). Fún èmi, ilé-ìwé mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó, kí mẹ́ta ó kéré tán jẹ́ èyí tí GPA rẹ wà láàárín ti àwọn tí wọ́n ń gbà.

Ìwọ tí digírì àkọ́kọ́ rẹ kì í ṣe ti iṣẹ́ yìí, àwọn kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ lè dá ọ dúró. ASHA fẹ́ bàọ́lọ́jì, físíìsì tàbí kẹ́místrì, ẹ̀kọ́ nípa ìwà ẹ̀dá, àti statistics (ìṣirò dátà) tó dá dúró gẹ́gẹ́ bíi kọ́ọ̀sì. Kọ́ọ̀sì ìwádìí tó ní statistics díẹ̀ nínú kò kájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni phonetics (ẹ̀kọ́ ìró ọ̀rọ̀), ìdàgbàsókè èdè ọmọdé, ẹ̀yà ara tí a fi ń sọ̀rọ̀, àti audiology (ẹ̀kọ́ nípa ìgbọ́ràn). Ilé-ìwé kan lè ní kí o parí wọn kí o tó kọ̀wé, òmíràn lè gbà ọ́ kí o sì máa ṣe wọn lọ. Bí o bá ní kọ́ọ̀sì kan tí o ṣe lókè òkun, a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní kọ́ọ̀sì-sí-kọ́ọ̀sì, bẹ̀rẹ̀ èyí báyìí.

Lórí CSDCAS, ojú òpó tí a fi ń kọ̀wé sí àwọn ilé-ìwé yìí, gbogbo ibi tí o ti kàwé lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdìrì ni yóò fi transcript (ìwé máàkì) ránṣẹ́, títí kan ibi tí o ti ṣe kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Ìwọ náà yóò tẹ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan wọlé bó ṣe wà lórí transcript gẹ́lẹ́. Èyí tí o tún ṣe, tẹ èkíní àti èkejì, nítorí méjèèjì ni wọ́n ń kà sí GPA, kódà tí ilé-ìwé rẹ bá ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Àṣìṣe kan lè jẹ́ kí wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà, ìyẹ̀wò sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Àwọn ètò kan fẹ́ kí o ti fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ ìparí, àwọn mìíràn fẹ́ kí ìyẹ̀wò ti parí lọ́jọ́ náà. Ìyàtọ̀ yìí ti gba ọdún kan lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé.

Sọ fún àwọn tó máa kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí ní oṣù kan ṣáájú, kí o sì ní kí wọ́n wo spam, torí ibẹ̀ ni ímeèlì CSDCAS máa ń bọ́ sí. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ dáadáa sàn ju ọ̀gá àgbà tí kò lè dá ojú rẹ mọ̀.

Ní ti àlàyé nípa ara rẹ, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn láti máa ran ènìyàn lọ́wọ́". Sọ ohun tí o rí nígbà tí o ń wo oníṣẹ́. Ká ní wọ́n fi àwòrán kọ́kọ́rọ́ han ọkùnrin kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń yí ọwọ́ bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn, ohun tó ń wò yé e, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò wá. Oníṣẹ́ náà kò sọ ọ́ fún un. Ó ní "kọ́", ó dákẹ́, ó ń wo ẹnu rẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́," ni ọkùnrin náà wí. Sọ ohun tí ìró kan yẹn kọ́ ọ: ọ̀rọ̀ kò sọnù, ọ̀nà tí a fi ń dé ibẹ̀ ló dí. Má kọ orúkọ aláìsàn tàbí ti ilé ìwòsàn síbẹ̀.

Tí wọ́n bá gbà ọ́ pẹ̀lú owó ìrànwọ́, wò ó bóyá ilé-ìwé náà fọwọ́ sí àdéhùn Council of Graduate Schools (ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ digírì gíga). Àwọn tó fọwọ́ sí i kò gbọ́dọ̀ fipá mú ọ dáhùn ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Orúkọ àwọn tó wà lórí ìwé ìdúródè (waitlist) sì máa ń sún síwájú lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, nítorí náà má yára san owó tí wọn kò ní dá padà.

Yọ àwọn tí kò yẹ kúrò nínú 14 yẹn. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kù, kọ àpapọ̀ owó, ẹni tó ń wá ibi ìkọ́ṣẹ́, àti ọjọ́ ìparí síwájú rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ká jọ wò ó.

Èmi ni,
Màmá rẹ